Báwo la ṣe lè fi akẹ́kọ̀ọ́ fa akẹ́kọ̀ọ́ wọnú ọ̀rọ̀ ìlú?

Ọdún_Kẹta:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì ìjọba kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ bò. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwa mẹ́fà kó ara wa jọ nítorí pé ó ń dùn wá bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ṣe ka ọ̀rọ̀ ìlú sí ohun tí kò kàn wọ́n. Ẹni tó lè dárúkọ gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní London kò mọ ẹni tí ó jẹ́ kánsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù tó ń gbé, bẹ́ẹ̀ omi ẹ̀rọ kò tíì yọ ní àdúgbò náà láti ọjọ́ tó ti gba yàrá síbẹ̀.

A ṣe ìpàdé ńlá kan. A yá gbọ̀ngàn, a háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a tẹ ìwé ìpolongo, a sì pe àgbà kan láti sọ̀rọ̀. Lójú òpó WhatsApp wa, àwọn 214 ló ní àwọn ń bọ̀. Àwọn tó wá jẹ́ mọ́kànlá, mẹ́fà nínú wọn sì ni àwa tí a pe ìpàdé. Àgbà náà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀ fún àga òfìfo.

Èrò tó wà lọ́kàn wa báyìí ni pé kí a pa ìpàdé tì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tó mọ̀ dáadáa, kí ó sì máa bá wọn rìn: láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò, láti gba káàdì, àti láti mọ ẹni tí wọ́n lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, a kò ní owó ọkọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wá pé wọn yóò ní olóṣèlú kan ló rán wa níṣẹ́. Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí?

Agùnbánirọ̀_Àná:
Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò. Mo ti ṣe é, mo ṣe àṣeyọrí díẹ̀, mo sì ṣe àṣìṣe kan tí mo ṣì ń rò títí di òní. N ó sọ méjèèjì.

Ọdún kẹrin ni mo wà nígbà tí àjọ INEC ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2021. Àwa náà kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn ènìyàn. Nígbà tí a jókòó tì wọ́n ní yàrá ni a tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ẹnì kan kò mọ̀ pé ọ́fíìsì INEC wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹlòmíràn ti lọ lẹ́ẹ̀kan, ó tò láti àárọ̀ títí di aago mẹ́ta, wọ́n sì ní kí ó padà wá lọ́la. Ẹnì kẹta ń tijú, nítorí ó ti pé ọmọ ọdún 23 kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò ní káàdì ìdìbò. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kì í jáde ní gbọ̀ngàn. Ẹni tí ẹ jọ ń dáná lórí sítóòfù kan náà ni yóò sọ ọ́ fún.

Nítorí náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ní hósítẹ̀lì ni a fi bẹ̀rẹ̀, yàrá mẹ́jọ péré. Ènìyàn mẹ́rin la máa ń kó lọ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ tí kò sí kíláàsì. Òfin tí a ṣe ni pé ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ni yóò mú àwọn tó kàn lọ, kì í ṣe àwa olùdásílẹ̀. Ẹni tó tò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ mú agbòòrùn dání, òun ló mọ òṣìṣẹ́ tí kì í pariwo mọ́ni, òun náà ló sì lè sọ pé, «Èmi náà fẹ́ sá lọ ní aago kan, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di aago méjì, ó ti kàn mí.» Láàárín oṣù mẹ́rin, a ti mú àwọn 63 lọ.

Wàyí o, àṣìṣe mi rè é. Nítòsí iléèwé ni gbogbo wọn ti forúkọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, a kò sì padà títí di oṣù kẹwàá. Nígbà tó tún di ọdún 2023, àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ní kí gbogbo wọn wà ní títì láti ọjọ́ 22 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta nítorí ìdìbò. Ìdìbò ààrẹ bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù kejì. Ẹni tí káàdì rẹ̀ wà fún ibùdó ìdìbò tó wà lẹ́yìn hósítẹ̀lì ti wà ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Nínú àwọn 63 náà, mẹ́sàn-án ni mo mọ̀ dájú pé wọ́n dìbò. Ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ni pé: níbo ni ìwọ yóò wà ní ọjọ́ ìdìbò?

Amòfin_Kékeré:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Agùnbánirọ̀_Àná, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi òfin tì í lẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Òfin ìdìbò wa sọ pé ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lè forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ tàbí níbi tó jẹ́ ìlú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè lé akẹ́kọ̀ọ́ padà pé kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ìlú bàbá rẹ̀.

Ohun tí òfin kò gbà ni kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gbọ́ tí àwọn alábàárìn kan ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ nílé, kí ó kàn tún ṣe òmíràn ní iléèwé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó ní owó ìtanràn, ó sì ní ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rọ INEC náà a máa mú un: nínú mílíọ̀nù 12 ó lé díẹ̀ tó parí ìforúkọsílẹ̀ láàárín 2021 sí 2022, ó lé ní mílíọ̀nù 2.7 tí wọ́n yọ dànù nítorí pé kò yẹ, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ àtúnforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní káàdì nílé gbọ́dọ̀ béèrè fún ìṣípòpadà, ìyẹn ni pé kí INEC gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, kí ó sì béèrè ní kùtùkùtù, nítorí òfin ní gbèdéke ṣáájú ìdìbò.

Tíṣà_Àgbà:
Mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì fún ọdún mọ́kàndínlógún. Inú mi dùn sí ìtara àwọn ọmọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n ń fi ṣíbí bu omi òkun. Ọ̀nà tó yá ni pé kí ó wà nínú ẹ̀kọ́ gbogboogbò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní máa ń ṣe. Kí wọ́n fi máàkì mẹ́wàá sí i: mú ẹ̀rí wá pé o ti forúkọ sílẹ̀ tàbí pé o ti lọ sí ìpàdé àdúgbò kan. Nígbà tí máàkì bá wà ńbẹ̀, àwọn 214 yẹn yóò dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Etí_Ọ̀dẹ̀dẹ̀:
Ẹ jọ̀wọ́, sà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì ni mo wà. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi máàkì sí, ọgbọ́n tí a ó fi rí máàkì náà gbà ni a máa ń kọ́. Ẹnì kan yóò máa fọwọ́ sí ìwé fún ènìyàn méje, a ó sì máa yá ara wa ní ẹ̀rí. Yàtọ̀ sí èyí, ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe dandan lábẹ́ òfin wa. Báwo ni yunifásítì yóò ṣe wá fi máàkì sọ ọ́ di dandan? Àti pé àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17 wà ní ọdún kìn-ín-ní. Kí ni wọn yóò mú wá?

Tíṣà_Àgbà:
Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 yẹn bọ́gbọ́n mu, ọmọ mi. N kò rò ó débẹ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbà pé kí kíláàsì yọwọ́ pátápátá. Ó kéré tán, olùkọ́ lè fún àwọn alábàárìn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì láti sọ ibi tí a ti lè rí wọn. Owó kò sí ńbẹ̀, máàkì kò sí ńbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 400 sì ti gbọ́.

Ará_Òkè_Òkun:
Sheffield ni mo ti kàwé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí mo rí níbẹ̀ sì sún mọ́ ohun tí Tíṣà_Àgbà ń sọ láìní máàkì nínú. Ní ọdún 2014, ìjọba ilẹ̀ náà yí òfin padà pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, dípò kí baálé ilé kan tàbí hósítẹ̀lì kọ orúkọ gbogbo ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ já kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Yunifásítì Sheffield wá fi ìbéèrè náà sínú ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà: ṣé o fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò? Ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tún lè wà nínú ìwé ní ilé òbí rẹ̀ àti ní ilé iléèwé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò dìbò nínú ìdìbò gbogboogbò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wá kàwé níbí kò mọ̀ ni pé àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth ni wọ́n, bí ìwé ìgbélùú wọn bá ti pé. Ọmọ Ìbàdàn kan tí a jọ ń gbé ilé ló sọ fún mi. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní irọ́ ni. Ó jókòó tì mí, a jọ kọ fọ́ọ̀mù náà kí ìrẹsì tó jinná. Láti Nàìjíríà títí dé ibí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti sọ̀rọ̀ fún mi púpọ̀ nípa ojúṣe ará ìlú. Ẹni tí a jọ ń gbé ló mú mi ṣe é.

Amòfin_Kékeré:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé a kò lè gbé ti wíwà nínú ìwé níbi méjì yẹn wá sí Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi ṣe àwáwí. Níhìn-ín, ẹyọ kan ni.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń kà á láti òkè, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Mo ní ọmọ méjì ní yunifásítì. Ní àkókò ìdìbò, àwọn olóṣèlú a máa wá akẹ́kọ̀ọ́ kiri: àwọn kan láti gbé àsíá, àwọn kan láti ṣe jàǹdùkú. Ẹgbẹ́ òkùnkùn náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ẹnì kan ní àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fún ìdàgbàsókè», ó parí sí àgọ́ ọlọ́pàá. Báwo ni èmi òbí yóò ṣe mọ̀ pé àwọn alábàárìn yín kì í ṣe irú rẹ̀?

Agùnbánirọ̀_Àná:
Mà, ẹ̀rù yín tọ́, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní àkókò tiwa, ọkùnrin kan wá bá wa, ó ní òun yóò fún wa ní bọ́ọ̀sì méjì àti oúnjẹ, pé kí a ṣá kọ nọ́ńbà tó wà lára káàdì àwọn ènìyàn náà fún òun. Nínú wa, àwọn méjì fẹ́ gbà, nítorí owó ọkọ̀ ti ń ha wá mọ́ra. A fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká lórí rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, a kọ̀.

Ohun tí ẹ lè fi dán àwọn ọmọ wò nìyí, mà: ẹ bi wọ́n pé ta ló ń san owó ọkọ̀. Tiwa ni pé oníkálukú san tirẹ̀, a sì ń rìn lọ bí ọ́fíìsì bá wà nítòsí. Èkejì, alábàárìn kò gbọdọ̀ mú káàdì tàbí ìwé kékeré ìforúkọsílẹ̀ ẹlòmíràn lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan, kò sì gbọdọ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Èyí dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́, ó sì dáàbò bo alábàárìn pẹ̀lú.

Olùtọpa_Iṣẹ́:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tako ìpìlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé káàdì ìdìbò ni a ń fi ṣe ẹnu ọ̀nà? Ní 2023, INEC ní àwọn olùdìbò tó lé ní mílíọ̀nù 93 nínú ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú wọn sì lé ní mílíọ̀nù 26. Síbẹ̀, àwọn tó jáde dìbò ààrẹ kò ju nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àìní káàdì nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ló ní i tí kò rí ìdí tó fi yẹ kí ó lò ó. Ìdìbò a sì máa dé ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Kí ni alábàárìn àti ẹni tó ń bá rìn yóò máa ṣe láàárín?

Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ara kànga ẹ̀rọ kan. Ó wà lẹ́yìn àwọn ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ háyà, wọ́n kọ orúkọ aṣòfin kan sí i lára gàdàgbà, kò sì pọn omi rí. Àwa mẹ́rin la ń pọnmi láti ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́, a sì ń kọjá lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní, «Ẹ jẹ́ ká wo iye tí wọ́n ní àwọn fi ṣe é.» A wá a nínú ètò ìṣúná tó wà lórí ayélujára, a sì rí i. Àwọn ẹgbẹ́ bíi BudgIT, nípasẹ̀ iṣẹ́ Tracka wọn, ti ń tọpa irú àwọn iṣẹ́ àkànṣe báyìí láti ọjọ́ pípẹ́, ọgbọ́n wọn la sì yá lò: ya fọ́tò ohun tó wà nílẹ̀, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó wà nínú ìwé, kí o sì béèrè ìbéèrè láìbú ẹnikẹ́ni.

A kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí iṣẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀, a lo Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011. Òfin yẹn fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ọjọ́ méje di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a tún kọ òmíràn. N kò ní purọ́ fún yín pé omi ti ń yọ: ẹ̀rọ amúnáwá tó yẹ kí ó máa fa omi náà dé, wọ́n sì gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n epo ni ẹjọ́ báyìí. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kànga náà ti di 40, àwọn kan nínú wọn ló sì wá béèrè fúnra wọn pé níbo ni àwọn ti lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. A kò bẹ̀ wọ́n.

Etí_Ọ̀dẹ̀dẹ̀:
Ṣé wọn kò ní fi ojú burúkú wo ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà? Mo mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ní «kí ló kàn ọ́ ńbẹ̀?» Mo tún gbọ́ pé òfin náà kò de ìjọba ìpínlẹ̀.

Amòfin_Kékeré:
Ọ̀rọ̀ «kí ló kàn ọ́» yẹn ni òfin náà pa rẹ́. Ẹni tó ń béèrè kò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ní ti àwọn ìpínlẹ̀, àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá a ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de gbogbo ẹ̀ka ìjọba, títí kan ìpínlẹ̀. Ní ti ojú burúkú, ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dá fọwọ́ sí i. Ẹ fọwọ́ sí i ní márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí.

Ojú_Inú:
N kò ríran; ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè ni mo fi ń ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu ba irú wa, bẹ́ẹ̀ àwa la nílò alábàárìn jù. Òfin ìdìbò gbà kí afọ́jú mú ẹni tó fọkàn tán wọ ibi ìdìbò kí ó ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Ìtàn, ló bá mi lọ ní 2023. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́ yan ẹlòmíràn fún mi, ọ̀rẹ́ mi kò bá a jà, ó kàn sọ pé, «Òun ni kí ẹ bi léèrè.» Wọ́n bi mí, mo dáhùn. Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn alábàárìn yín, ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn yẹn, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣèrànwọ́ a máa fẹ́ sọ̀rọ̀ dípò wa.

Ọdún_Kẹta:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àwa mẹ́fà ti jókòó, a ti ka gbogbo rẹ̀, a sì ti jà díẹ̀. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí Agùnbánirọ̀_Àná ṣe wí, ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò sì jẹ́ ibi tí oníkálukú yóò wà ní ọjọ́ ìdìbò. Ẹni tó bá sọ pé ilé ni òun yóò wà, a ó ràn án lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà ìsinmi, kì í ṣe níhìn-ín. A kò ní gba owó olóṣèlú, Ìyá_Ìbejì, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn òbí lè rí i. Ní ti ọ̀rọ̀ Olùtọpa_Iṣẹ́, a kò fẹnu kò: àwọn mẹ́ta ní kí a kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ káàdì, àwa mẹ́ta yòókù ní kí a máa ṣe méjèèjì pọ̀, nítorí pé ọ̀nà tó wọ hósítẹ̀lì wa ti dá, pátákó iṣẹ́ àkànṣe sì wà lẹ́bàá rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. Èmi àti àwọn méjì tó kù yóò lọ ya fọ́tò pátákó náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àwọn mẹ́rin ti ní àwọn yóò bá wa lọ sí ọ́fíìsì INEC. Ọjọ́ wo ló dára jù nínú ọ̀sẹ̀?

Agùnbánirọ̀_Àná:
Ẹ má lọ ní ọjọ́ Ajé. Èrò máa ń pọ̀. Ọjọ́rú la máa ń lọ. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹ mú bírò tiyín dání, kí ẹ sì béèrè bóyá ìwé orúkọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sí kí ẹ tó tò. Ìwé yẹn ló jẹ wá níyà ní àárọ̀ àkọ́kọ́.